Owó Orí Tí Mo Rò Pé N Kì Í San

Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń gé igi nílùú Òṣogbo. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí kí ọdún 2025 tó wọlé pé ṣé mò ń san owó orí, ẹ̀rín ni màá fi dá a lóhùn. Owó orí bí ti báwo? Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń jókòó sí Abẹ́rẹ́, níbi tí ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wà, tí ìjọba ń yọ ọ́ lára owó oṣù wọn kó tó kàn wọ́n lọ́wọ́, àwọn ló ń san owó orí. Èmi tí mò ń fi okùn so ara mi mọ́ ẹ̀ka máńgòrò lókè òrùlé olórùlé, kí ló kàn mí níbẹ̀?

Ọmọ mi obìnrin ló tú àṣírí mi fún mi, bírò kan àti ìwé ìkọ̀wé tí kò lò mọ́ ló sì fi tú u.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú igi tí mò ń gé, torí ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. N kì í ṣe onígẹdú. Àwọn onígẹdú ló ń wọ igbó ọba, irú Shasha àti Àgó-Òwu, tí wọ́n ń wá ọ̀gànwó, arère àti afàrà. Àárín ìgboro ni iṣẹ́ tèmi wà: dóńgóyárò tó ti ń gun wáyà iná, igi furúùtù tí gbòǹgbò rẹ̀ ti la ògiri, igi àgbọn tí onílé ń bẹ̀rù pé èso rẹ̀ yóò já lé ọmọ lórí. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ìrókò. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo ti gé ìyẹn láyé mi, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni onílé ti ṣe ohun tó yẹ kó ṣe sí i kó tó ránṣẹ́ pè mí. N ò bi í pé kí ló ṣe. Ti igbó Ọ̀ṣun tó wà lẹ́bàá odò, kò sẹ́ni tó ń gbé ayùn débẹ̀. Kí UNESCO tó kọ orúkọ igbó náà sílẹ̀ lọ́dún 2005 la ti mọ ìyẹn.

Wáyà iná ló ń yọ wá lẹ́nu jù. Òṣogbo yìí kan náà ni ibi tí wọ́n ti ń darí iná gbogbo Nàìjíríà wà, síbẹ̀ tí mo bá fẹ́ gé ẹ̀ka tó sún mọ́ wáyà, ó ṣọ̀wọ́n kí n tó bẹ ẹnikẹ́ni pé kó bá mi pa iná. Kò ní í sí níbẹ̀ ná. Ṣùgbọ́n mo máa ń rí i dájú pé wọ́n pa á, torí iná tí kò sí láti àárọ̀ lè dé nígbà tó bá wù ú, kó sì bá èèyàn lórí igi.

Bí ìtì igi bá dára, onílé lè ní kí n máa gbé e lọ, kí n yọ díẹ̀ kúrò nínú owó iṣẹ́. Màá gbé e lọ sí sọ́mìlì, wọ́n á là á sí pákó. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìtì igi yòówù tó bá ti wà lẹ́yìn ọkọ̀, gẹdú ni lójú ẹni tó ń gbowó lójú ọ̀nà. Bẹ́ẹ̀ gẹdú tó ti inú igbó ọba wá gbọ́dọ̀ ní àmì òòlù lára. Onígẹdú ní òòlù tirẹ̀ tó fi ń lu àmì ara rẹ̀ sídìí igi. Àwọn fọ́rẹ́sítà náà ní òòlù tiwọn, ìyẹn ni wọ́n ń lù mọ́ ọn lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gbowó ìjọba, kí igi náà tó lè kọjá lọ́nà. Ayùnrẹ́ tí mo gé lẹ́yìnkùlé Àlàájà kan ní Ògo-Olúwa kò ní àmì òòlù kankan. Ta ni ì bá lù ú? Ṣé Àlàájà ni?

Oṣù Kìíní ọdún 2025 ni. Ibi mẹ́ta ni wọ́n ti dá wa dúró kí ayùnrẹ́ náà tó dé sọ́mìlì. Àwọn àkọ́kọ́ ní owó gẹdú làwọn ń gbà, 3,000 náírà. Àwọn kejì ní tàwọn, owó ẹrù ni, 1,500. Àwọn kẹta, ọmọkùnrin méjì kan tó fi pákó oníṣòó dí ọ̀nà, kò tilẹ̀ sọ orúkọ ohun tí wọ́n ń gbà. Wọ́n ṣáà ní 1,000. Mo ní kí ni wọ́n ń pè é. Ọ̀kan nínú wọn dáhùn pé, “Bàbá, ẹ sanwó kí ẹ máa lọ, oòrùn ń pa wá.”

Tíkẹ́ẹ̀tì méjì ni mo mú délé. Ọmọ mi, tó wà ní SS1 nígbà náà, gbà wọ́n lọ́wọ́ mi, ó yẹ̀ wọ́n wò síwá sẹ́yìn. Ó ní, “Dádì, wọn ò kọ ọjọ́ sí èyí. Èyí náà ò sọ ẹni tó gbowó.” Ó wá fa ìlà sínú ìwé kan: ọjọ́, iye, ohun tí wọ́n gbà á fún, rìsíìtì wà tàbí kò sí. Ó ní kí n máa sọ fún òun lálaalẹ́ kí n tó jẹun. Eré ni mo kọ́kọ́ pè é. Nígbà tó fi máa di Oṣù Kẹta, ìwé yẹn ti ń bà mí lẹ́rù.

Sísá fún owó orí, àjogúnbá ni lọ́wọ́ mi. Lagilagi ni bàbá mi, àwọn tó fi ayùn gígùn ṣiṣẹ́, tí ẹnìkan á dúró lókè igi, ẹnìkejì á wà nínú kòtò nísàlẹ̀, tí èérún igi á máa bọ́ sí i lójú látàárọ̀ dalẹ́. Ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ló kọ́ mi nípa owó orí: sá. Láyé tiwọn, ní fẹ̀ẹ̀rẹ̀ làwọn akódà á já wọ abúlé, ọkùnrin tí kò bá rí ìwé owó orí fi hàn, wọ́n á mú un lọ. Ó sọ fún mi pé lọ́dún 1968 òun sùn sínú igbó fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Ọdún yẹn náà ni Àgbẹ́kọ̀yà dìde, tí àwọn àgbẹ̀ ní ìwọ̀ oòrùn, tí Tàfá Adéoyè ṣíwájú wọn, kọ̀ jálẹ̀ pé àwọn ò lè san iye tí ìjọba ológun bù lé àwọn lórí. Ọ̀rọ̀ náà wọ ọdún 1969, ẹ̀mí ṣòfò, kí ìjọba tó gbà láti dín owó náà kù. Gbogbo ìgbà tí bàbá mi bá ń sọ ìtàn yìí, ibi tí òun ti sá pamọ́ ló máa ń pẹ́ lé lórí. Kò sọ fún mi rí bóyá òun padà san án.

Báyìí lèmi náà ṣe sá fún ìwé owó orí, tí mo wá ń sanwó fún gbogbo ẹni tó bá ti lè rí pákó oníṣòó fi dí ọ̀nà.

Òṣèlú ní tiẹ̀, n ò sá fún un rárá. Ìyẹn gan-an ló fẹ́rẹ̀ẹ́ ba tèmi jẹ́.

Oṣù Keje ọdún 2022, ìbò gómìnà ku ọjọ́ mẹ́ta. Máńgòrò ńlá kan la ń gé ní Òkè-Baálẹ̀, ẹ̀ka rẹ̀ kan sì nà sórí òrùlé. A kì í gé irú ẹ̀ka bẹ́ẹ̀ kó kàn já. A máa ń so okùn mọ́ ọn lókè, a ó lọ́ ìdí okùn mọ́ igi nísàlẹ̀, ẹni tó wà nísàlẹ̀ á wá máa tú u díẹ̀díẹ̀ kó lè sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lẹ́. Ọmọ Ẹdẹ ló wà lókè pẹ̀lú ẹ̀rọ ayùn. Ọmọ Ìrágbìjí ló di okùn mú nísàlẹ̀. Ẹni tó bá mọ Ọ̀ṣun ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ń lọ. Adélékè ni ti Ẹdẹ, Oyètọ́lá ni ti Ìrágbìjí. Ẹni tó wà lókè ju ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀ nípa owó àwọn òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì, ẹni tó wà nísàlẹ̀ dá a padà sókè, ó di ta ló jẹ gbèsè, ó di ta ló ń jó láì ṣiṣẹ́. Mo ní kí wọ́n panu mọ́. Èmi náà sì dá sí i! Mo ní ẹ̀yin méjèèjì ò mọ nǹkan kan.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ló yẹ kí okùn yí igi ká nísàlẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ni ọmọ Ìrágbìjí yí i, torí ọwọ́ kan ló fi ń ṣe é, ó ń fi èkejì na ìka sókè. Nígbà tí ẹ̀ka já, okùn jó o lọ́wọ́, ó jù ú sílẹ̀. Páànù mẹ́rin ló wọlé lọ. Ọpẹ́ ni pé kò sẹ́nì kankan nínú yàrá náà. Ìyá onílé jáde, ó wo òrùlé, ó wò wá, ó ní, “Ó dáa, ṣé Adélékè ni yóò bá mi ra páànù yìí ni àbí Oyètọ́lá?”

Nígbà tí INEC ka èsì, Adélékè ní ìbò 403,371, Oyètọ́lá ní 375,027. Èmi ní páànù mẹ́rin àti káfíńtà láti sanwó fún.

Láti ọjọ́ náà, òfin kan wà níbi iṣẹ́ wa: bí okùn bá ti le, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dárúkọ olóṣèlú kankan títí ẹ̀ka yóò fi kanlẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó wá ń yà mí lẹ́nu báyìí ni pé nínú gbogbo ariwo ọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó mẹ́nu ba owó tí àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń san. A mọ orúkọ gbogbo ẹni tó ń du ipò. A ò mọ iye tó ń kúrò lápò wa.

Ọdún 2023 ló kọ́kọ́ fi ọwọ́ pa mí lójú. Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n Oṣù Karùn-ún, ọjọ́ tí wọ́n búra fún Ààrẹ Tinubu, ló kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Kí ọ̀sẹ̀ tó yípo, lítà bẹntiróò tí kò tó 200 náírà ti tó bíi 500. Ní Oṣù Keje ó lé ní 600. Kí ọdún 2024 tó parí, ó ti kan 1,000. Ẹ̀rọ ayùn mi ń mu tó lítà mẹ́rin lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bá wà, mo sì gbọ́dọ̀ po ọ́ìlì mọ́ ọn, ogún mílílítà ọ́ìlì sí lítà epo kan, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ́ńjìnnì á gan. Náírà náà tún já wálẹ̀ lọ́dún yẹn kan náà, ṣéènì ayùn tí mò ń rà ní 7,500 di 21,000, bẹ́ẹ̀ òkè òkun ló ti ń wá. Lórí ṣéènì yẹn, VAT, ìyẹn owó orí ọjà, wà níbẹ̀, ó sì ti kúrò ní ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún sí 7.5 láti Oṣù Kejì ọdún 2020. Oníṣọ́ọ̀bù kì í kọ ọ́ síwèé fún mi, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló ń forí fá a. Àbí ẹ̀yin rí ọlọ́jà tó ń forí fá nǹkan?

Mo rí nǹkan mìíràn lọ́dún náà tí n kò rí irú rẹ̀ rí. Tẹ́lẹ̀, a máa ń sanwó kí wọ́n tó bá wa kó ẹ̀ka dànù. Láti ìgbà náà, àwọn ìyá olóúnjẹ ló ń dúró dè wá pẹ̀lú okùn àti òṣùká. Kí a tó sọ̀kalẹ̀ lórí igi, wọ́n ti pín in mọ́ra wọn lọ́wọ́. Gáàsì ti wọ́n, igi ìdáná ti di ohun tí wọ́n ń jà lé lórí.

Ní ìparí ọdún 2025, ọmọ mi ṣí ìwé rẹ̀, ó ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. 143,600 náírà ni mo ti san lójú ọ̀nà àti fún oríṣiríṣi àwọn tó ń wá bá wa níbi iṣẹ́ láti January títí dé December. Èyí tó ní rìsíìtì tí orúkọ ẹni tó gbà á wà lórí rẹ̀ jẹ́ 31,000. Mo ní kó tún un rò. Iye yẹn náà ló tún jáde.

Oṣù yẹn gan-an ni ìjayà òfin owó orí tuntun gba ìgboro. Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n Oṣù Kẹfà ọdún 2025 ni Ààrẹ fọwọ́ sí i, ó sì di ọjọ́ kìíní Oṣù Kìíní ọdún 2026 kó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àwa agégi ṣèpàdé, lábẹ́ igi furúùtù kan tí onílé rẹ̀ ò jẹ́ gbà kí a gé. Ẹnìkan ní òun gbọ́ ọ lórí WhatsApp pé ìjọba yóò máa fọwọ́ ara rẹ̀ yọ owó ní báńkì. Ẹlòmíràn ní bí ọmọ rẹ bá fowó ránṣẹ́ sí ọ tí kò kọ ọ́ pé ẹ̀bùn ni, wọ́n á gba tiwọn níbẹ̀. Àwọn kan ń gbèjà Ààrẹ bí ẹni pé ọmọ ìyá wọn ni, àwọn kan ń ṣépè. Mo wò wọ́n títí. Ọmọ Ẹdẹ àti ọmọ Ìrágbìjí náà ni mo tún ń rí, okùn sì wà lọ́wọ́ wọn.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan wà tó jẹ́ aṣírò owó. Mo gbé ìwé ọmọ mi àti gbogbo rìsíìtì mi tọ̀ ọ́ lọ lálẹ́ ọjọ́ Àìkú kan. Ó ní ká fi iye tó wọlé ní 2025 díwọ̀n, bí ẹni pé bẹ́ẹ̀ náà ni 2026 yóò ṣe rí. Owó tó wọlé jẹ́ 4,180,000. Lẹ́yìn tí a yọ epo, ṣéènì, ọkọ̀ àti owó àwọn ọmọ iṣẹ́, ó ku 1,450,000. Ó bi mí ní iye tí mò ń san fún ilé, mo ní 250,000 lọ́dún. Ó ní òfin gbà pé kí wọ́n yọ ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún ìyẹn fún mi, bí kò bá ti ju 500,000 lọ, 50,000 nìyẹn. Ó ku 1,400,000. Nínú ìyẹn, wọn ò gba kọ́bọ̀ lórí 800,000 àkọ́kọ́. 600,000 tó ṣẹ́kù, ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń gbà lórí rẹ̀. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó fa ìlà sábẹ́ rẹ̀: 90,000.

Mo ní, “Lóṣù?” Ó ní, “Rárá, Bàbá. Lọ́dún.”

Mo gbé 90,000 sẹ́gbẹ̀ẹ́ 143,600. N ò lè sọ̀rọ̀. Èmi tí mò ń sá fún owó orí láti kékeré, mo ti ń san jù ú lọ, ẹnikẹ́ni ò sì kọ orúkọ mi sílẹ̀ pé mo san nǹkan kan.

Èyí tó wá sọ lẹ́yìn náà ló dùn mí jù. Ó ní nínú 143,600 yẹn, 31,000 tó ní rìsíìtì nìkan ni òun lè kà mọ́ ìnáwó iṣẹ́. 112,600 tó kù, kò sí ẹ̀rí, nítorí náà lójú ìwé ó ṣì wà lápò mi, ara èrè mi ni. Ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún rẹ̀ jẹ́ 16,890. Ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé màá san owó orí lórí owó tí àwọn ọmọ oníṣòó ti gbà lọ́wọ́ mi lábẹ́ oòrùn.

Ó tún sọ fún mi pé láti ọdún 1998 ni òfin ìjọba àpapọ̀ ti wà tó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dí ọ̀nà nítorí àtigba owó orí tàbí owó yòówù bẹ́ẹ̀. Òfin yẹn dàgbà ju àwọn ọmọ tó dá mi dúró lọ.

Ohun kan tún wà tí mo rò pé ó yẹ kí gbogbo agégi mọ̀. Mo ti máa ń rò pé Àbújá ni owó orí irú wa yóò lọ, ìdí nìyẹn tí gbogbo èébú wa fi ń lọ sí Àbújá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àbújá ló ṣòfin, ṣùgbọ́n owó orí ẹni tó ń dá ṣiṣẹ́ ara rẹ̀, ìpínlẹ̀ tó ń gbé ló ni ín. Ọ̀ṣun ló ni tèmi. VAT orí ṣéènì ló ń gba Àbújá kọjá, òun náà kì í sì í dúró síbẹ̀: lábẹ́ òfin tuntun, ìdá 10 ni ìjọba àpapọ̀ ń mú, ìpínlẹ̀ ń mú 55, ìjọba ìbílẹ̀ ń mú 35. Ẹni tó wà nítòsí ni mo yẹ kí n ti máa bi léèrè ohun tó fi owó mi ṣe. Ti ìjọba ìbílẹ̀ gan-an, gbogbo wa la rí i lọ́dún 2025 bí ìjà ta ló ni àga alága ṣe mú kí wọ́n dá owó àwọn ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀ṣun dúró. Àwọn tó ń jà fún àga, owó wa ni wọ́n jókòó lé. Bí igi bá wó lé igi, tòkè la kọ́kọ́ ń gé. Nínú ọ̀rọ̀ yìí, mo ti ń gé tìsàlẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́.

Mo yí nǹkan díẹ̀ padà. Onílé tó bá fún mi nígi, mo máa ń ní kó kọ ìwé pélébé kan fún mi pé inú ọgbà òun ló ti jáde, kó fọwọ́ sí i. Ìwé yẹn ti gbà mí lọ́wọ́ àwọn tó ń gbowó gẹdú lẹ́ẹ̀mejì. Bí igi bá tóbi, mo máa ń pe àwọn sọ́mìlì pé kí wọ́n wá fi ọkọ̀ tiwọn gbé e, kí wọ́n dín owó rẹ̀ kù fún mi. Ẹni tí mo bá ra epo àti ṣéènì lọ́wọ́ rẹ̀, n ò ní kúrò níbẹ̀ láìgba rìsíìtì, wọ́n sì ti ń pè mí ní Bàbá Rìsíìtì.

Ní Oṣù Kejì ọdún 2026, mo lọ sí ọ́fíìsì owó orí pẹ̀lú NIN mi. Ọmọbìnrin kan ló dá mi lóhùn, ó kúnlẹ̀ kí mi pàápàá. Ó ní irú iṣẹ́ wo ni mò ń ṣe. Mo ní mò ń gé igi. Ó ní, “Onígẹdú?” Mo ní rárá, igi inú ọgbà ni. Ó ní, “Àgbẹ̀ nìyẹn?” Mo ní n ò gbin nǹkan kan rí, gígé ni mo mọ̀. Ó ronú díẹ̀, ó kọ “oníṣẹ́ ọwọ́”, ó tẹ ìwé tí nọ́ńbà mi wà lórí rẹ̀ jáde fún mi. Mo fi nọ́lọ́ọ̀nù wé e, mo tọ́jú ẹ̀ sínú àpótí irinṣẹ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fáìlì tí mo fi ń pọ́n ayùn.

Lọ́sẹ̀ kejì, ìtì dóńgóyárò méjì ló wà lẹ́yìn ọkọ̀ wa. Àwọn ọmọ oníṣòó dá wa dúró níbi tí wọ́n máa ń wà. Mo sọ̀kalẹ̀, mo mú ìwé mi jáde, mo tẹ́ ẹ sí iwájú wọn. Èyí tó dàgbà níbẹ̀ gbà á, ó kà á láti òkè délẹ̀, ó tún un ká dáadáa kó má baà rún, ó fi ọwọ́ méjèèjì dá a padà fún mi. Ó ní, “Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. Ṣùgbọ́n èyí kì í ṣe tiwa.”

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ọmọ mi ṣí ìwé. Mo ní kó kọ 1,000. Ó ní fún kí ni. Mo ní kó fi àyè ibẹ̀ sílẹ̀. Níbi rìsíìtì, ó kọ “kò sí”.